Bàbá Kábọ́ì Kì í Sọ Ìparí Ìtàn fún Òṣèré

Ọjọ́ tí Bàbá Kábọ́ì kú, àwọn tó wá kí wa ní Òkokomáíkò kò mọ èyí tí wọn ì bá sọ. Ẹni tó bá ti lanu láti sọ pé "Ẹni rere lọ" á wo ojú màmá mi, á sì yára sọ ọ́ di "Wọ́n gbó, wọ́n tọ́." Ìyẹn kò ní iyàn nínú. Bàbá lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú wọn ti fọ́, ṣùgbọ́n eyín wọn pé, ahọ́n wọn sì mú títí dé òpin. Èmi ò ní pè wọ́n ní ẹni rere. Òkú kì í gbọ́ ìyìn, àwa tó kù là ń fi irọ́ yẹn tu ara wa nínú.

Bàbá tó bí màmá mi ni wọ́n. Èmi ni mo sì jókòó tì wọ́n fún ọdún mẹ́sàn-án, láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, tí mò ń bá wọn kọ ìtàn tí wọ́n bá pè sí mi létí. Nítorí náà mo mọ̀ wọ́n ju ẹni tó kàn rí fíìmù wọn lọ. Mo tún mọ ohun kan ṣoṣo tí màmá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ń retí lẹ́nu wọn láti ìgbà tí màmá mi ti wà lọ́mọ ogún ọdún. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ogún. "Fọlá, má bínú" ni. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Bàbá náà mọ̀.

Kí wọ́n tó ní fíìmù tiwọn, ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri ni wọ́n. Ọkùnrin kan ló ni ọkọ̀, Bàbá ló ń bá a tọ́jú ẹ̀rọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri iléèwé, àwọn òyìnbó alákẹtẹ̀ á máa gun ẹṣin lórí aṣọ náà, wọ́n á máa yìnbọn lu ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè tí àwọn òyìnbó náà ń sọ. Bàbá náà ò gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á mú gbohùngbohùn dání, wọ́n á máa sọ ìtàn náà ní Yorùbá bí àwòrán ṣe ń lọ. Bàbá ló sọ ọ̀gá ẹlẹ́ṣin di Àjàní. Bàbá ló ní obìnrin tó ń sunkún lójú fèrèsé yẹn, ọkọ rẹ̀ ló tà á. Fíìmù kan náà ni wọ́n ń gbé lọ sí ìlú márùn-ún, ìtàn márùn-ún ni wọ́n sì ń sọ. Níbi tí wọ́n bá ti fún wọn lóúnjẹ dáadáa, Àjàní á ṣẹ́gun. Níbi tí wọn ò bá ti tọ́jú wọn, wọ́n á ní olè tó kú kẹ́yìn yẹn gan-an ni ọmọ rere, àṣìpa ni wọ́n pa á, gbogbo ọmọdé ìlú á sì sunkún relé. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní, "Òyìnbó ló ya àwòrán. Èmi ni mo mọ ẹni tó yẹ kó kú."

Bí wọ́n ṣe di òǹkọ̀wé nìyẹn, kí wọ́n tó fọwọ́ kan bírò. Nígbà tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí agbègbè Ọ̀jọ́, fíìmù mẹ́fà ni wọ́n kọ, tí wọ́n sì darí fúnra wọn, gbogbo rẹ̀ pátá fíìmù ẹlẹ́ṣin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Bàbá Kábọ́ì. Káfíńtà kan ní Àjàǹgbádì ló bá wọn kan ojú ilé méje, ojú lásán, tí kò ní ẹ̀yìn. Wọ́n kó o lọ sórí iyanrìn lẹ́yìn Ìjànìkín, láàárín àwọn igi àgbọn, ó di ìlú. Ìbọn wọn, igi ni. Akẹtẹ̀ wọn, pólíìṣì bàtà ni wọ́n fi kùn ún tó fi dúdú. Ẹṣin wọn, wọ́n yá a lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń fi ẹṣin gbé àwọn èèyàn ṣeré létí òkun. Ìtàn wọn ò sì yàtọ̀ títí: alágbára kan á gba ilẹ̀ àwọn tálákà, àjèjì kan á gun ẹṣin wọ̀lú, ìbọn á dún. Àwọn òyìnbó ní màlúù àti wúrà tí wọ́n ń jà lé lórí. Bàbá ní ọmọ onílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ onílẹ̀ gidi wá ká wọn mọ́ orí iyanrìn náà. Mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n ní ta ló pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé síbẹ̀, kí iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Wọn ò tíì yí dé ẹ̀yìn ilé, wọn ò mọ̀ pé òfìfo ni. Bàbá kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Wọ́n ní ojú ọ̀gá wọn dára fún fíìmù, ṣé kò ní bá wọn gun ẹṣin díẹ̀? Inú ọkùnrin náà dùn, ó gba akẹtẹ̀, ó dé e, ó ga lórí ẹṣin bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló bí ẹṣin náà. Bàbá ní wọ́n máa yìnbọn sí i, kó ré lulẹ̀. Ó ré lulẹ̀. Bàbá ní ó kù díẹ̀, kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ọkùnrin náà já lulẹ̀ látorí ẹṣin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ. Kò sí fíìmù nínú kámẹ́rà látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, wọ́n ní, "Wọ́n ní ilẹ̀ yìí mọ àwọn. Ó ti wá mọ̀ wọ́n dáadáa báyìí."

Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù ló sọ ìyẹn fún mi. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù bá Bàbá ṣiṣẹ́ láti fíìmù àkọ́kọ́, iṣẹ́ tiwọn sì ni kí wọ́n máa kú. Nínú fíìmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù ló ń kú. Nínú ìkẹta, ẹṣin tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ ní tòótọ́, wọ́n sì ń tiro títí dòní. Wọ́n wá kí Bàbá nígbà ọdún kan, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ náà síwájú, wọ́n ń fọwọ́ pa á, ojú wọn ń sọ ohun tí ẹnu wọn ò lè sọ. Bàbá ò ríran mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń ha ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Kàmọ́rù, ká ní ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé ni, ta ni ì bá rántí rẹ?" Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín. Èmi lójú tì, mo bá dìde lọ pọnmi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Bàbá mọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í fún òṣèré ní ìtàn. Wọn kì í kọ ọ́ fún un, wọn kì í sọ ọ́ fún un. Wọ́n á mú un dúró síbi tó yẹ, wọ́n á sọ ìlà kan sí i létí, wọ́n á ní "Ó yá," kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tó bá ti ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á ní "Ó tó." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ìlà tó tẹ̀ lé e. Òṣèré á máa jẹun pẹ̀lú ẹni tó máa pa á lọ́la, kò ní mọ̀. Ìyàwó ojú fíìmù ò ní mọ̀ pé ọkọ òun ló sun abà. Gbogbo ẹni tó bá wọn ṣeré ló kùn nítorí rẹ̀, síbẹ̀ ẹ wo ojú àwọn èèyàn inú fíìmù náà: ẹ̀rù gidi, ìyàlẹ́nu gidi. Bàbá sọ ìdí rẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí inú wọn dùn: "Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa kú kì í jẹun dáadáa."

Ká ní orí iyanrìn Ìjànìkín ni wọ́n fi ìwà yẹn mọ sí, mi ì bá má rí ohun kankan sọ. Àmọ́ wọ́n gbé e wálé. Nígbà tí èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá mi jáde, ọwọ́ Bàbá ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, nígbà náà ojú wọn ṣì ń ríran. Wọ́n fi í sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mò ń gbààwẹ̀, mò ń sunkún, mò ń lọ mò ń bọ̀ ní iléèwé, Bàbá jókòó sórí àga wọn níta, wọ́n ń wò mí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n mú un jáde. Mo yege. Mi ò lè yọ̀ mọ́, inú ló bí mi. Wọ́n ní, "Ojú rẹ dára ju báyìí lọ nígbà tí o ò tíì mọ̀."

Ìwé èsì yẹn nìkan kọ́. Mo kọ ìtàn kan fúnra mi nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo kà á fún Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ó wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí mo parí, wọ́n na ọwọ́ kí n fà wọ́n dìde, wọ́n fẹ́ lọ tọ̀. A ti dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Akọ̀wé, o mọ̀wé gan-an. Ìyẹn ló pa ìtàn náà."

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Yétúndé ni orúkọ mi, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lẹ́yìn ikú ìyá màmá mi ni wọ́n bí mi. Bàbá àgbà mìíràn á máa fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣàwàdà, á máa pè é ní ìyàwó mi, á máa bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ò pè mí ní Yétúndé rí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi, àwọn àgbà ń dá wọn lára yá pé ìyàwó wọn ti padà dé. Màmá mi ni kò jẹ́ kí n gbàgbé ohun tí wọ́n fèsì: "Ẹni tí mo bá ti pa nínú ìtàn, n kì í jí i padà."

Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn wọn. Mo fẹ́ràn wọn, ó sì máa ń bí mi nínú pé mo fẹ́ràn wọn. Tí wọ́n bá ń pe ìtàn láàárọ̀, wọ́n á fi ìka méjì lu apá àga, mo sì máa mọ̀ bóyá ẹṣin náà ń rìn ni tàbí ó ń sáré, bóyá orí iyanrìn ló wà tàbí orí òkúta. Mi ò tíì rí ẹlòmíì tó lè ṣe é. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń gbọ́ ò fi ní dìde, ọ̀dọ̀ ìkà àgbàlagbà yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Mo ti wá dé ibi tí mo ń sá fún.

Fíìmù karùn-ún ni. Màmá mi, Fọlá, ló ń ṣe ọmọbìnrin tó lọ sọ́jà, tó dé, tó sì bá òkú ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, ìyá màmá mi gan-an wà ní ọsibítù. Àìsàn náà ò ṣe wọ́n pẹ́, gbogbo èèyàn ló rò pé wọ́n máa dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibi òkú yẹn, Bàbá rán Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù pé kó gbé ẹ̀kọ lọ sí ọsibítù. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù gbé ẹ̀kọ náà padà wá. Wọ́n pe Bàbá sẹ́yìn ilé tí kò ní ẹ̀yìn yẹn, wọ́n sọ fún Bàbá pé ìyá ti kú kí àwọn tó dé.

Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù ní Bàbá yọ akẹtẹ̀, wọ́n tún un dé. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ní, "Oòrùn ò tíì dé ibi tí mo fẹ́. Má sọ fún Fọlá." Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn tó dé ibi tí wọ́n fẹ́. Láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn, màmá mi jẹ ìrẹsì, màmá mi bá àwọn òṣèré ṣeré, ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi sì bèèrè pé, "Bàbá, Mọ́mì ńkọ́?" Bàbá ní, "Ó ń sinmi." Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n lọ fún ẹṣin lómi.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, òṣèré kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ, màmá mi gbé igbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ní "Ó yá." Màmá mi wọlé, wọ́n rí òkú, wọ́n ń dúró de ìlà tí Bàbá máa sọ fún wọn. Láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, Bàbá sọ ọ́. Ohùn wọn ò yí padà. Wọ́n ní, "Fọlá, ìyá rẹ kú láàárọ̀ yìí. Ìyá tó bí ọ."

Ẹ lè rí i nínú fíìmù náà. Màmá mi yí ojú sí kámẹ́rà, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ràn. Ojú wọn kúrò lára kámẹ́rà, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù ni wọ́n ń wò níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù sì tẹrí ba. Igbá bọ́. Igbe tí màmá mi ké, mi ò ní gbìyànjú láti kọ ọ́. Wọ́n ṣubú lu ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ, ẹni náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lábẹ́ aṣọ, òkú ń sunkún. Ayàwòrán fẹ́ pa kámẹ́rà, Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n jẹ́ kó yí títí fíìmù fi tán nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó ní "Ó tó."

Fíìmù yẹn ló sọ Bàbá di èèyàn. Gbọ̀ngàn tí wọ́n bá ti fi hàn, aṣọ á rin gbindin fún omijé. Nígbà tó di kásẹ́ẹ̀tì, ó wọ gbogbo ilé. Títí di bí mo ṣe ń kọ yìí, èèyàn á dá màmá mi dúró lójú ọ̀nà Ìbà, níbi tí màmá mi ti ń ránṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ sunkún yẹn? Ẹ bá wa sun ún díẹ̀, ẹ má bínú, a fẹ́ fi fóònù gbà á ni." Àwọn tó ń sọ ọ́ ò mọ nǹkan kan. Màmá mi á rọra rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀fun ń dùn wọ́n.

Màmá mi bi Bàbá léèrè lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn. Bàbá ní, "Ẹkún tí o máa sun náà ni o sun. Mo kàn bá ọ tọ́jú rẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá ọgbẹ́ sí màmá mi lára ju ti ọjọ́ tí wọ́n ya fíìmù náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ màmá mi ò kúrò lọ́dọ̀ Bàbá. Àwọn àbúrò wọn ti tú ká, ẹni tó kù ló ń tọ́jú àgbà. Màmá mi ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fọ aṣọ wọn. Mo bi màmá mi pé ṣé wọ́n fẹ́ kí Bàbá dọ̀bálẹ̀ fáwọn ni. Wọ́n ní èèwọ̀, àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fọ́mọ. Kí Bàbá kàn rán ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọdé tó ń ra búrẹ́dì, pé "Ẹ bá mi bẹ Fọlá," àwọn máa gbà. Wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tí màmá mi ń lọ tiẹ̀ wá bá Bàbá sọ ọ́ nígbà kan. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Bàbá fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n wá bi wòlíì pé, "Ṣé fíìmù náà ò dùn ni?"

Ní oṣù tó ṣáájú ikú wọn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun. Ó jẹ́ ti ẹlẹ́ṣin kan tó ti darúgbó, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ń gun ẹṣin lọ sí ìlú tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà, ọmọ tí bàbá náà ti ṣẹ̀ nígbà kan. Lójoojúmọ́ ni mò ń kọ ọ́. Bàbá ò kánjú níbì kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà kọjá odò, ó kọjá igbó, ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìwà tó hù. Ọmọ náà, aránṣọ ni. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé. Bàbá ní, "Ó di ọ̀la."

Mi ò lè pa á mọ́ra. Ọ̀kadà ni mo gùn tààrà lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Ìbà. Mo ní, "Mọ́mì, Bàbá fẹ́ bẹ̀ yín. Lọ́la ni. Inú ìtàn ni wọ́n máa gbà sọ ọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Màmá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ṣé wọ́n dárúkọ mi?"

"Rárá, ṣùgbọ́n aránṣọ ni ọmọ náà."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. "Aránṣọ," wọ́n ní. "Bàbá yìí sá." Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi wẹ Bàbá tán, wọn ò lọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wọ bùbá tí wọ́n ń wọ̀ fún ìdúpẹ́, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Bàbá gbọ́ ìró àga.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo ní kí n gbọ́ ìtàn."

Bàbá yí ojú tí kò ríran sí mi. "Akọ̀wé," wọ́n ní, "o ti sọ ìparí fún òṣèré." Mo ń retí kí wọ́n bínú, kí wọ́n ní ìtàn ti parí lónìí. Dípò bẹ́ẹ̀, ojú wọn túká. Wọ́n ní kò burú, ohùn èmi nìkan ti sú àwọn, kí Fọlá bá àwọn ṣe ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un, ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fún un.

Màmá mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá. Bàbá ní, "Ó yá."

Bàbá ló ń ṣe ọkùnrin arúgbó náà. Ohùn wọn gbọ̀n bí ti ẹni tó ti rìn jìnnà. "Ọmọ mi, èmi ni. Ojú mi ò ríran mọ́." Wọ́n sọ ìlà màmá mi, màmá mi sì tún un sọ: "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin yín." Bàbá tún sọ ìlà tó kàn: "Mo mọ ohun tí ẹ bá wá." Màmá mi sọ ọ́. Bàbá fa èémí, wọ́n sọ ìlà kẹta: "Mo ti dárí jì yín."

Màmá mi wò mí. Èmi òpè, mo mi orí pé kí wọ́n sọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló kàn. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń yí ọ̀rọ̀ nìyẹn, kí ọmọ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn kí bàbá lè wọlé. Màmá mi di ọwọ́ Bàbá mú. "Mo ti dárí jì yín," wọ́n ní, ohùn wọn já, ẹkún ọgbọ̀n ọdún ó lé sì tú jáde lórí ìtàn àgbàlagbà náà. Kì í ṣe eré. Bàbá tẹ́ etí sílẹ̀, wọ́n fetí sí ẹkún náà dáadáa, wọ́n jẹ́ kó dé ibi tó máa dé.

Wọ́n ní, "Ó tó."

Màmá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ìlà tiyín ńkọ́?"

"Ìlà wo? Ó ti dárí jì í. Kí ló tún kù tó máa sọ?" Wọ́n gba ọwọ́ wọn padà. "Akọ̀wé, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó parí."

Mo kọ ọ́. Èmi náà ò mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ láti kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Màmá mi dìde, wọ́n gbọn bùbá wọn, wọ́n lọ gbé omi gbóná kúrò lórí iná. Ọjọ́ kẹrin, nínú oorun ọ̀sán, Bàbá kú.

Àbúrò Bàbá ló gbọ́ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí màmá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, inú wọn sì dùn gan-an. Wọ́n ní kí n fi í sínú ìwé ìsìnkú, kí ayé lè mọ̀ pé ìjà ti parí: "Kí Bàbá tó lọ, àkọ́bí wọn fi gbogbo ọkàn dárí jì wọ́n." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú, òkú ni, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí màmá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Màmá mi fi dígí sójú, wọ́n kà á dé ìlà yẹn, wọ́n dúró.

"Ta ló sọ èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì. Mo wà níbẹ̀."

"Ìlà tiwọn ni mo sọ. Ẹnu mi ni wọ́n yá." Màmá mi ò bínú, wọ́n ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ mi láṣọ gígé. "Tèmi wà nínú mi níbí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi gbé e dání dè wọ́n. Wọn ò bèèrè rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ti kú, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," màmá mi ní. "Wọ́n ti kú." Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa igi gbọọrọ lé ìlà náà lórí, wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀kejì kó má baà ṣeé kà.

Ọjọ́ ìsìnkú, wòlíì dúró lẹ́bàá ibojì, ó ní kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ Bàbá jì wọ́n, kí ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù ṣe é. Èmi náà ṣe é, torí mo fẹ́ràn wọn. Wòlíì wo ojú màmá mi, ó tún àdúrà náà gbà, ó gbé ohùn sókè. Màmá mi ò ṣe àmín.